Ẹ́sítímèètì àti Bọ́jẹ́ẹ̀tì: Kí Ni Ìyàtọ̀ Wọn?

Nísinsìnyí tí ẹ ti mọ ìwé í kà, ẹ ó máa bá àwọn ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan pàdé tí àwa Yorùbá ti sọ di tiwa. Méjì nínú wọn ni a ó gbé yẹ̀ wò lónìí. Èkíní ni ẹ́sítímèètì. Èkejì ni bọ́jẹ́ẹ̀tì.

Bíríkìlà a máa sọ ẹ́sítímèètì. Káfíńtà a máa sọ ọ́. Rédíò a máa sọ bọ́jẹ́ẹ̀tì ìjọba. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jẹ mọ́ owó. Méjèèjì sì jẹ mọ́ ohun tí a kò tíì ṣe, ṣùgbọ́n tí a fẹ́ ṣe. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Èmi pàápàá rò bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ hẹdimásítà ni mí nígbà náà. Àṣìṣe yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí ọmọ lọ́wọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín.

YÀRÁ ÌKÀWÉ TÍ KÒ NÍ ÒRÙLÉ

Ní ọdún 2011, mo jẹ́ hẹdimásítà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní abúlé. N kò ní dárúkọ abúlé náà. Àwọn ọmọ pọ̀, yàrá ìkàwé kò tó. Abẹ́ igi máńgòrò ni kíláàsì kìíní ti ń kàwé. Bí òjò bá ti ṣú, a ó tú wọn ká sílé. Àwọn òbí wá ní kí a kọ́ yàrá kan sí i. Inú mi dùn gidigidi.

Mo pe bíríkìlà. Mo pe káfíńtà. Àwọn méjèèjì wọn ilẹ̀, wọ́n ṣírò, wọ́n sì fún mi ní ẹ́sítímèètì. Bíríkìlà ní ìpìlẹ̀ àti ògiri yóò gba 420,000 náírà. Káfíńtà ní òrùlé yóò gba 380,000 náírà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 800,000 náírà. Ìdílé 160 ló ní ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ wa. Mo pín 800,000 sí ọ̀nà 160, ó jẹ́ 5,000 náírà fún ìdílé kọ̀ọ̀kan. Mo kọ ọ́ sára pátákó níwájú ìpàdé. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Mo ní, "Bọ́jẹ́ẹ̀tì wa ti délẹ̀."

Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa. Ẹ́sítímèètì ló délẹ̀. Bọ́jẹ́ẹ̀tì kò tíì sí rárá.

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní. Owó tó kọ́kọ́ wọlé jẹ́ 310,000 náírà. Ní oṣù Kẹta, ògiri ti dúró. Gbogbo owó tó ti wọlé nígbà náà jẹ́ 465,000 náírà. Bíríkìlà ti gba 420,000. Ó wá ku 45,000 lọ́wọ́ akápò, bẹ́ẹ̀ òrùlé ń bèèrè 380,000. Àwọn tó lè san ti san. Àwọn tí kò tíì san ń dúró de ìkórè kòkó, ìkórè kòkó sì di oṣù Kẹwàá.

Bí ògiri ṣe wà níta nìyẹn. Òjò bẹ̀rẹ̀. Ògiri tí òrùlé kò dì mú, ìjì ni ọ̀tá rẹ̀. Àwọn ọmọ sì ti sọ ibẹ̀ di ibi tí wọ́n ti ń ṣeré bojúbojú. A lé wọn títí, wọn kò gbọ́. Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹsàn-án, ìjì jà, ògiri kan sì wó lulẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀ ní òwúrọ̀, mo rí bàtà ọmọdé kan lábẹ́ àwọn búlọ́ọ̀kù. Ẹsẹ̀ mi kò gbà mí mọ́. A wá gbogbo ilé kiri. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọmọ tó ni bàtà wà nílé. Ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ níbi eré ìrọ̀lẹ́ àná ni.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ẹnu mi wọhò. Bàbá àgbẹ̀ kan dìde. Bàbá náà kò mọ̀wé nígbà náà. Wọ́n ní, "Ọ̀gá tíṣà, ẹ máà bínú o. Ẹ sọ iye tí ilé ń bèèrè fún wa. Ẹ kò bi wá léèrè iye tí a ní."

Ẹ tún ọ̀rọ̀ bàbá náà kà. Ibẹ̀ gan-an ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ́sítímèètì àti bọ́jẹ́ẹ̀tì wà. Ẹ́sítímèètì ń sọ iye tí nǹkan ń bèèrè. Bọ́jẹ́ẹ̀tì ń sọ iye tí a ní, àti ohun tí a pinnu láti fi í ṣe.

KÍ NI Ẹ́SÍTÍMÈÈTÌ?

Bí ẹ bá rí i nínú ìwé Òyìnbó, báyìí ni wọ́n ń kọ ọ́: ESTIMATE. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìdíyelé, tàbí ìfojúdíwọ̀n. A kò tíì ra nǹkan náà. A kò tíì ṣe é. Ṣùgbọ́n a wò ó, a wọ̀n ọ́n, a bèèrè iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà, a wá sọ pé: "Yóò tó iye báyìí."

Kì í ṣe àbá lásán o. Ẹni tó kàn wo ojú ọ̀run tó dárúkọ iye owó kò ṣe ẹ́sítímèètì. Ẹ́sítímèètì gidi ní ìṣirò nínú. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ọ̀kan pọ̀.

Bí a bá fẹ́ kọ́ yàrá kan, kí ògiri kọ̀ọ̀kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, kí ó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 9, búlọ́ọ̀kù mélòó ni a ó rà? Búlọ́ọ̀kù ńlá gùn ní ínǹṣì 18, ó sì ga ní ínǹṣì 9. Ínǹṣì 12 ló wà nínú ẹsẹ̀ bàtà kan.

Gígùn ògiri jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12, ìyẹn ni ínǹṣì 144. Ẹ pín in sí ọ̀nà 18. Búlọ́ọ̀kù 8 ni yóò tò lọ lórí ìlà kan.

Gíga ògiri jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 9, ìyẹn ni ínǹṣì 108. Ẹ pín in sí ọ̀nà 9. Ìlà 12 ni a ó tò lé ara wọn.

Ẹ fi 8 sọ 12 di púpọ̀. Ó jẹ́ 96. Búlọ́ọ̀kù 96 fún ògiri kan nìyẹn. Ògiri 4 yóò gba 384.

Ilẹ̀kùn yóò gba àyè búlọ́ọ̀kù 18. Fèrèsé yóò gba àyè 8. Ẹ yọ 26 kúrò nínú 384, ó ku 358.

Díẹ̀ yóò fọ́ lọ́nà. Ẹ fi 22 kún un. Ó jẹ́ 380.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé búlọ́ọ̀kù kan jẹ́ 500 náírà. 380 lọ́nà 500 jẹ́ 190,000 náírà. Ẹ́sítímèètì búlọ́ọ̀kù nìyẹn.

Bíríkìlà tó mọ iṣẹ́ lè sọ iye tó yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa, nítorí sìmẹ́ńtì tó ń wà láàárín búlọ́ọ̀kù àti nítorí igun ilé. Kò burú. Ẹ́sítímèètì kì í ṣe ìbúra. Ẹni tó ṣe é dáadáa yóò súnmọ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n ó lè má bá a dọ́gba. Iye ọjà lè gùn kí a tó dé ọjà. Àwọn àgbà ní, bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló mú kí babaláwo máa dÍfá ọrọọrún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ́sítímèètì. Bí ó bá ti pẹ́ díẹ̀, ẹ tún un ṣe.

Ẹ wá wo ohun kan. Nínú gbogbo ìṣirò tí a ṣe yìí, ǹjẹ́ a bi ara wa bí a bá ní 190,000 náírà lọ́wọ́? A kò bi ara wa. Olówó ni yóò kọ́ ilé náà o, tálákà ni o, búlọ́ọ̀kù 380 náà ni. Ẹ́sítímèètì kò mọ àpò ẹnikẹ́ni. Ohun tí a fẹ́ ṣe nìkan ló mọ̀.

KÍ NI BỌ́JẸ́Ẹ̀TÌ?

Báyìí ni wọ́n ń kọ èyí ní Òyìnbó: BUDGET. Ọ̀dọ̀ àwọn Faransé àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á. Àpò awọ kékeré ni àwọn Faransé ń pè ní orúkọ tó di bọ́jẹ́ẹ̀tì yìí. Ẹ máa rántí àpò náà. Nígbàkígbà tí ẹ bá gbọ́ bọ́jẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ọwọ́ kan àpò yín.

Ní èdè tiwa, ètò ìṣúná ni a ń pè é. Ẹni tó ń ṣún owó ná kì í ṣe ahun. Ó kàn ń ná an pẹ̀lú ètò ni. Bọ́jẹ́ẹ̀tì máa ń bèèrè nǹkan mẹ́ta:

1. Èló ló wà lọ́wọ́ wa báyìí?
2. Èló ni yóò wọlé, láti ibo, àti nígbà wo?
3. Kí ni a pinnu láti fi owó náà ṣe, èwo ni a ó kọ́kọ́ ṣe, èwo ni a ó sì fi sílẹ̀?

Ìbéèrè kẹta yìí ló le jù. Ẹ́sítímèètì kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Gbogbo ohun tí ilé fẹ́ ló ń kà. Ṣùgbọ́n bọ́jẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ sọ pé, "Èyí kó dúró ná." Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tí kò lè sọ pé kí nǹkan kan dúró, kò tíì ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì.

Bíríkìlà lè bá yín ṣe ẹ́sítímèètì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò lè bá yín ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì, nítorí kò mọ ohun tó wà nínú àpò yín. Ẹ̀yin tí ẹ ni owó ni yóò ṣe é. Ọkọ àti ìyàwó ni yóò jókòó ṣe é. Ẹgbẹ́ ni yóò péjọ ṣe é.

ÌYÁ ẸLẸ́WÀ

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan láti inú ilé. Ìyá kan ń ta ẹ̀wà sísè. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Ìyá náà lọ sọ́jà, ó bèèrè iye nǹkan, ó kọ ọ́ sílẹ̀:

Aṣọ ilé ẹ̀kọ́: 9,000 náírà.
Bàtà: 8,000 náírà.
Ìwé: 15,000 náírà.
Báàgì: 4,000 náírà.
Àpapọ̀: 36,000 náírà.

Ẹ́sítímèètì nìyẹn. Bí ó bá dúró síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yóò kàn máa bà á lẹ́rù ni. Yóò máa sọ pé, "Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógójì! Níbo ni n ó ti rí i?"

Ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Ó wo àpò rẹ̀. Ó rí i pé òun lè fi 300 náírà pamọ́ lójoojúmọ́. Ó lọ bá alájọ. Oṣù mẹ́rin, ọjọ́ 30 nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, jẹ́ ọjọ́ 120. 300 lọ́nà 120 jẹ́ 36,000 náírà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ sókè. Ṣùgbọ́n ó rántí pé alájọ a máa mú owó ọjọ́ kan lóṣooṣù gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Owó ọjọ́ mẹ́rin jẹ́ 1,200. Ohun tí yóò kó jẹ́ 34,800 náírà. Kò pé.

Ó wá pinnu. Báàgì ẹ̀gbọ́n ọmọ náà wà nílé, okùn rẹ̀ nìkan ló já. Yóò fún ẹni tó ń rán báàgì ní 500 náírà kó bá a rán an. Kò ní ra tuntun. Aṣọ, bàtà àti ìwé jẹ́ 32,000. Fi 500 kún un, ó jẹ́ 32,500. Nígbà tó bá kó 34,800, 2,300 náírà yóò kù sílẹ̀ bí iye ọjà bá gùn.

Bọ́jẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Ẹ ò rí i pé ẹ́sítímèètì ló kọ́kọ́ ṣe kó tó ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì? Bẹ́ẹ̀ ló yẹ. Ẹni tí kò ṣe ẹ́sítímèètì kò mọ ibi tó ń lọ. Ẹni tí kò ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì kò ní débẹ̀.

BÍ ÌJỌBA TI Ń ṢE É

Òfin ilẹ̀ wa pàápàá mọ ìyàtọ̀ yìí. Ẹsẹ̀ 81 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé kí Ààrẹ gbé ẹ́sítímèètì owó tí yóò wọlé àti owó tí yóò jáde lọ́dún tó ń bọ̀ síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ẹsẹ̀ 121 sọ ohun kan náà fún gómìnà ìpínlẹ̀. Ẹ́sítímèètì ni òfin pè é. Ìgbà tí àwọn aṣòfin bá jíròrò lórí rẹ̀, tí wọ́n dín in tàbí tí wọ́n fi kún un, tí wọ́n fọwọ́ sí i, tí Ààrẹ tàbí gómìnà sì buwọ́ lù ú, ni ó tó di òfin tí a lè fi ná owó.

Ẹ tẹ́tí sí rédíò dáadáa. Bí gómìnà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lọ síwájú aṣòfin, àwọn oníròyìn a máa sọ pé ó gbé "àbá ètò ìṣúná" lọ. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, wọn a yọ "àbá" kúrò, ó di "ètò ìṣúná". Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni wọ́n yọ, ṣùgbọ́n ohun ńlá ló ṣẹlẹ̀. Ohun tí a dá lábàá ti di ohun tí a pinnu. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé, "Ìjọba ti ní owó ọ̀nà abúlé yín nílẹ̀," ẹ bi í pé, "Ṣé àbá ni, àbí wọ́n ti fọwọ́ sí i?"

NÍGBÀ TÍ ÀWỌN ỌMỌ PỌ̀ JU IYE TÍ A RETÍ LỌ

Ẹ lè bi mí pé: bí ẹ́sítímèètì bá kùnà ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tí àwọn òbí wa mọ̀.

Ní oṣù Keje ọdún 1952, S. O. Awókọ́yà, tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Ìbàdàn. Ìjọba tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀ fẹ́ kí gbogbo ọmọ máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láìsan owó. Wọ́n ní láti fojú díwọ̀n iye ọmọ tí yóò wá. Èyí kò rọrùn. Ọ̀pọ̀ ọmọ kò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Ńṣe ni wọ́n ń ní kí ọmọ na ọwọ́ gba orí rẹ̀ kọjá. Bí ìka rẹ̀ bá kan etí òdìkejì, ó ti tó ọmọ ilé ìwé nìyẹn.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1954, ọmọ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn lé ní 450,000. Ní ọdún 1955, wọ́n lé ní 800,000. Àwọn tó wọ kíláàsì kìíní pọ̀ ju iye tí ìjọba fojú díwọ̀n lọ púpọ̀púpọ̀. Ẹ́sítímèètì kùnà.

Kí ló dé tí iṣẹ́ náà kò fi dojú dé? Ìdí ni pé ìjọba ti mú nǹkan sínú àpò kí ọjọ́ náà tó pé. Láti 1952 dé 1955, wọ́n lo àkókò láti kọ́ àwọn olùkọ́ àti láti kọ́ ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n bu owó ṣílè mẹ́wàá àbọ̀ lé àwọn asanwó-orí nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera. Àwọn ènìyàn kò fẹ́ràn owó náà, wọ́n sì jà sí i ní àwọn ibì kan. Ṣùgbọ́n ó wà nínú àpò. Kì í ṣe pé ìyà kò jẹ wọ́n o. Wọ́n ní láti gba ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí kò gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ rárá, kíláàsì sì kún àkúnya. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dúró.

Ìjọba Ìlà-Oòrùn náà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tiwọn ní ọdún 1957. Àwọn náà fẹ́ràn ọmọ wọn bí àwa ti fẹ́ràn tiwa. Ṣùgbọ́n owó tí iṣẹ́ náà ń gbà ju agbára àpò wọn lọ. Ní ọdún 1958, wọ́n ní láti dá owó ilé ẹ̀kọ́ padà fún ọ̀pọ̀ kíláàsì. Inú àwọn òbí kò dùn rárá, àwọn obìnrin sì fi ẹ̀hónú hàn.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ káàkiri Nàìjíríà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1976, ohun kan náà tún ṣẹlẹ̀. Wọ́n retí ọmọ 2,300,000 ní kíláàsì kìíní. Àwọn tó wá tó nǹkan bí 3,000,000.

Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀? Ẹ́sítímèètì lè kùnà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, títí kan ìjọba tó ní akọ̀wé àti olùṣirò. Kì í ṣe ohun ìtìjú. Àpò tí a ti múra rẹ̀ sílẹ̀ ni yóò gbà wá lọ́jọ́ náà.

BÍ A ṢE BO YÀRÁ NÁÀ

Ẹ jẹ́ kí a padà sí abúlé wa. Lẹ́yìn tí bàbá àgbẹ̀ náà sọ̀rọ̀, a mú ìwé tuntun. Ní ojú ewé kìíní, a tún ẹ́sítímèètì ṣe. Títún ògiri tó wó mọ jẹ́ 60,000 náírà. Páànù àti pákó ti wọ́n sí i, nítorí náà òrùlé ti di 430,000. Àpapọ̀ jẹ́ 490,000 náírà.

Ní ojú ewé kejì, a kọ ohun tó wà nínú àpò. 45,000 wà lọ́wọ́ akápò. A kò tún béèrè 5,000 lẹ́ẹ̀kan náà. A ní kí ìdílé kọ̀ọ̀kan san 300 náírà lóṣooṣù fún oṣù mẹ́wàá. A kò sì tan ara wa jẹ. Ìdílé 160 ni wá, ṣùgbọ́n a ka 100 péré, nítorí a mọ̀ pé gbogbo ọwọ́ kọ́ ni yóò lè san. Ìyẹn jẹ́ 30,000 lóṣù kan, 300,000 ní oṣù mẹ́wàá. Àpapọ̀ ohun tí a ní jẹ́ 345,000.

490,000 ni ilé ń bèèrè. 345,000 ni a ní. A wá bẹ̀rẹ̀ sí í pinnu. A ní kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ dúró ná. Ìyẹn dín 100,000 kù. Àwọn káfíńtà mẹ́ta tó jẹ́ ọmọ abúlé wa ní àwọn yóò kan òrùlé láìgba owó. Ìyẹn dín 85,000 kù. Ó wá ku 305,000. A fi 40,000 sílẹ̀ fún ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀. Àpapọ̀ jẹ́ 345,000. Àpò àti iṣẹ́ bá ara wọn mu.

A fi ọ̀pá àti okùn yí ibẹ̀ ká kí ọmọ kankan má bàa wọ̀ ọ́ mọ́. A kò fọwọ́ kan ògiri títí owó òrùlé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Bí owó ti ń wọlé ni a ń ra páànù, tí a ń kó o sí ọ́fíìsì mi. Kí á tó rà á tán, páànù tún gbówó lórí, ó sì jẹ 22,000 nínú owó tí a fi sílẹ̀. Kò dá wa dúró. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, nígbà tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀, a tún ògiri mọ, a sì fi òrùlé bò ó. Ní oṣù Kẹsàn-án, kíláàsì kìíní kúrò lábẹ́ igi máńgòrò. Ọmọ tó ni bàtà yẹn wà lára wọn.

BÍ Ẹ Ó ṢE KỌ TIYÍN

Ẹ mú ìwé kan. Ẹ ṣí i sí ibi tí ojú ewé méjì ti dojú kọ ara wọn.

Ní ojú ewé òsì, ẹ kọ ẸSÍTÍMÈÈTÌ sí òkè. Ẹ kọ gbogbo ohun tí iṣẹ́ náà ń bèèrè sísàlẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú iye rẹ̀. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó kọ iye kan. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣe é, kí ẹ lè mọ ìgbà tó ti pẹ́ jù.

Ní ojú ewé ọ̀tún, ẹ kọ BỌ́JẸ́Ẹ̀TÌ sí òkè. Ẹ kọ owó tó wà lọ́wọ́. Ẹ kọ owó tó dájú pé yóò wọlé, àti oṣù tí yóò wọlé. Ẹ má ṣe kọ owó tí ẹnì kan kàn ṣe ìlérí rẹ̀ lẹ́nu. Ẹ wá kọ ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ ṣe, èyí tí ẹ ó ṣe tẹ̀ lé e, àti èyí tí yóò dúró. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ohun tí ẹ kò rò tẹ́lẹ̀. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Bí iye ojú ewé òsì bá ju ti ọ̀tún lọ, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ dín iṣẹ́ kù, tàbí kí ẹ fi kún àkókò, tàbí kí ẹ wá owó mìíràn. Ìgbà tí ojú ewé méjèèjì bá bára mu ni kí ẹ tó pe bíríkìlà.

Ìwé kíkọ àti ìwé kíkà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ yìí wúlò fún irú èyí gan-an. Bàbá àgbẹ̀ tí mo sọ nípa rẹ̀ wọ kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ lẹ́yìn orúkọ wọn ni iye owó òrùlé.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ẹ́sítímèètì? Kí ni bọ́jẹ́ẹ̀tì? Ẹ sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ ti ara yín.
2. Kí ni hẹdimásítà pè ní bọ́jẹ́ẹ̀tì tí kì í ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì?
3. Kí ló dé tí bíríkìlà kò fi lè bá wa ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì?
4. Ògiri kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 15, ó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 9. Búlọ́ọ̀kù mélòó ni yóò gbà?
5. Kí ni ìyá ẹlẹ́wà pinnu pé òun kò ní rà? Èló ni yóò kù sílẹ̀ fún un?
6. Ẹ ronú ohun kan tí ẹ fẹ́ ṣe lọ́dún yìí. Ẹ kọ ojú ewé méjèèjì rẹ̀ sínú ìwé yín, kí ẹ sì mú un wá sí kíláàsì.

Ìdáhùn sí ìbéèrè 4: búlọ́ọ̀kù 120.